Ọmọ Tí Mo Pè Ní Dókítà Adìẹ

Àgọ́-Ìwòyè,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Tóún ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Màmá rẹ sọ fún mi pé ara rẹ le, pé o ti ń jẹun dáadáa, àti pé o kò tíì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. O lè kà á dé ibi tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kí o sì gbé e sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó sọ fún mi. Ó ní ilé ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn ti fún ọ ní iṣẹ́ tí o ti ń wá láti ìgbà tí o ti gba oyè kejì: kí o máa ṣe olórí ilé eku wọn, níbi tí wọ́n ti ń wádìí kòkòrò àìfojúrí tó ń wọ ojú ara obìnrin, àti àwọn bakitéríà rere tó ń gbé ibẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà rí àyè. Ó ní wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì rẹ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, àti pé o ti pinnu láti kọ̀ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ohun tí o sọ ni pé: "Bí Bàbá mi tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí bá ń tijú rẹ̀ lójú àna, ta ni mo fẹ́ kó má tijú mi?"

Mo dìde, mo lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé.

Jẹ́ kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ó lè jẹ́ èmi gan-an ni mo sọ ọ́. Ọjọ́ tí àwọn ará ilé Kàmórù, àfẹ́sọ́nà rẹ, wá mọ̀ wá nílé, inú mi dùn. Mo ti wọ agbádá mi aláwọ̀ eérú láti àárọ̀. Alhaji, bàbá Kàmórù, jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ Alhaja jókòó tì í, ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀dá Délé sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ wa. O gbé omi wá, o kúnlẹ̀. Alhaji gba ife lọ́wọ́ rẹ, ó ní, "Ìyàwó wa, a gbọ́ pé ìwé pọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe?"

O la ẹnu. Mo rí i pé o la ẹnu. Mo sì sọ̀rọ̀ kí o tó sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Àrùn adìẹ ni. Dókítà adìẹ ni."

Mo ti ronú lórí ìdí tó fi jẹ́ adìẹ ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Kò ju pé adìẹ kan ń ké lábẹ́ fèrèsé lọ. Ká ní ewúrẹ́ ló ń ké ni, ì bá jẹ́ dókítà ewúrẹ́.

Omi há Bọ̀dá Délé tó mọ òótọ́ lọ́fun, ó ń húkọ́. Alhaji pàtẹ́wọ́. "Alihamudulilai! Ọlọ́run ló rán ẹ sí wa. Àwọn adìẹ mi kò gbádùn rárá, imú wọn ń da omi, wọn ò yé ẹyin mọ́..."

Alhaja gbá a lápá. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dìde ná. Ṣé Kàmórù lẹ wá fẹ́yàwó fún ni, àbí àwọn adìẹ yín?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ lórí tíréè, bí o ṣe dì í mú. O gbé e wọlé, o kò sì padà jáde títí wọ́n fi ń dágbére.

Ohun tó tẹ̀lé e, o kò mọ gbogbo rẹ̀, nítorí o ti padà sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Alhaji gba ohun tí mo sọ gbọ́ pátápátá. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan fi já apẹ̀rẹ̀ adìẹ sí ẹnu géètì wa. Ó ní Alhaji ní kí ìyàwó àwọn bá òun wò wọ́n. Mo gbé wọn sínú mọ́tò, mo wa mọ́tò lọ sí Orù lọ́dọ̀ dókítà ẹran kan tí kò mọ̀ mí, mo jókòó láàárín àwọn tó gbé ajá wá, mo sì sọ orúkọ tí kì í ṣe tèmi. Ó kọ oògùn fún mi. Mo fi oògùn náà ránṣẹ́ sí ilé Alhaji ní Òkè-Sópẹ́n bí ẹni pé ìwọ lo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni apẹ̀rẹ̀ kejì dé. Nígbà tó yá Alhaji pè mí lórí fóònù, ó ń pariwo ayọ̀: "Ẹ bá mi kí ìyàwó wa o! Wọ́n ti ń yé! Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mo ń gbàdúrà fún un!" Mo dúpẹ́ lórúkọ rẹ.

Màmá rẹ tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé ìdáná ní, "Ẹ kúkú ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn adìẹ sí ẹnu géètì, Bàbá Tóún. Iṣẹ́ ti dé."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń fọ ìgbẹ́ adìẹ lórí ìjókòó mọ́tò.

Báyìí, mo fẹ́ sọ ibi tí ìtìjú yìí ti wá fún ọ, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe orí rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ to ìmọ̀ràn mi ní oókan, eéjì, bí mo ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ọ̀kan ń wọnú èkejì. Fara dà á fún mi.

Èkíní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan létí ọ̀sà ní Ògùn Wọ́tásáìdì láti gba ohun tí a ó yẹ̀ wò lára àwọn obìnrin tí ara ń yún, tí omi olóòórùn ń dà lára wọn. Ìyá Mọ́júọlá ni obìnrin tó kọ́kọ́ gbà kí á yẹ òun wò. Àwọ̀n ló fi ń kó edé, kò sí ẹni tó mọ ojú omi tó o láàárín àwọn obìnrin ibẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, kòkòrò tí èmi àti ìwọ jọ mọ̀ náà ni: èyí tí ọkùnrin àti obìnrin máa ń kó fún ara wọn nígbà ìbálòpọ̀, tí ó sì lè wà lára ọkùnrin láìjẹ́ kó mọ nǹkan kan. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ìwọ àti ọkọ rẹ ni ẹ jọ máa lo oògùn.

Ọkọ rẹ̀ jókòó nítòsí, ó ń dí ihò ara ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ìyá Mọ́júọlá bi mí, "Dókítà, kí ló ń ṣe mí gan-an?"

Mo wo ọkọ rẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Kòkòrò inú omi ni."

Mo ń sọ fún ara mi nígbà náà pé ìgbéyàwó wọn ni mò ń dáàbò bò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ni kò gbé e. Irọ́ náà sì rọrùn láti gbà gbọ́, nítorí àtọ̀sí ajá, tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, wà nínú omi agbègbè yẹn lóòótọ́, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé omi lè kóni ní àrùn. Mo fún òun nìkan ní oògùn, mo sì padà sílé.

Nígbà tí mo tún lọ síbẹ̀, lẹ́yìn òjò, mo rí àwọ̀n tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, ó ti gbẹ, eku ti jẹ ẹ́. Ìyá Mọ́júọlá jókòó síwájú ilé, ó ń ṣa ẹja fún obìnrin mìíràn. Ó ní, "Dókítà, mo gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu. Mi ò wọ omi mọ́. Mo sọ fún àwọn ìyókù náà, àwọn náà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Kí ló dé tó ṣì ń yún mi?"

Ọkọ rẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti inú ọkọ̀ rẹ̀: "Dókítà, omi yín yìí mà tẹ̀lé ìyàwó mi wọlé o!"

Mo bá a rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mo sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ni mo rán lọ níkẹyìn láti sọ òótọ́ fún àwọn méjèèjì, wọ́n lo oògùn, ara obìnrin náà sì yá. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù omi tí mo gbìn sí àdúgbò yẹn kò tán ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń lọ síbẹ̀. Àwọn obìnrin tí omi ti ń bọ́ láti kékeré wá ń ra edé lọ́wọ́ ọkùnrin.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí ló ń ṣe òun, sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Má ṣe wá nǹkan mìíràn tí kò ní tì ọ́ lójú kí o gbé ẹ̀bi kà á lórí. Nǹkan tí o bá gbé ẹ̀bi kà lórí yẹn, ẹnì kan ń fi jẹun.

Èkejì kan ilé eku, ọ̀rọ̀ tìrẹ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. O ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o máa ń dúró dè mí níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, tí o máa ń jókòó lórí àpótí oúnjẹ eku, tí àwọn eku funfun á máa yọjú sí ọ láàárín wáyà. O bi mí lọ́jọ́ kan, "Bàbá, kí ló ń ṣe wọ́n?" Mo ní, "Orí ń fọ́ wọn." Ní ọjọ́ kejì o mú hóró oògùn ẹ̀fọ́rí kan wá láti inú báàgì Màmá rẹ, o ti fi eyín gé e sí wẹ́wẹ́ kí ó lè kárí wọn. Mo gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ, mo dúpẹ́, mi ò sì sọ òótọ́. Ọdún pọ̀ láàárín ìgbà yẹn àti ọjọ́ tí o jókòó sí kíláàsì mi ní yunifásítì, tí mo bi yín pé apá wo lára ni kòkòrò yìí ń gbé, tí ìwọ nìkan nawọ́, tí o sì dáhùn ketekete pé, "Ojú ara obìnrin, sà." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò sì jẹ́ kí o rí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ nípa eku nìyí, nítorí pé o máa ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú wọn, bí o bá gbà. Nígbà kan rí, mo fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé màá fi eku hàn wọ́n pé bakitéríà rere ń lé kòkòrò náà. O mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Omi ojú ara obìnrin máa ń kan bí ọsàn kíkan, ti eku kì í kan bẹ́ẹ̀, irú bakitéríà tiwa kì í sì í gbé níbẹ̀ fúnra rẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ gún eku lábẹ́rẹ́ họ́mónù kí ara rẹ̀ lè gba àlejò, kí a fi bakitéríà tí a gbà lára obìnrin sí i, kí a tó wá fi kòkòrò sí i. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo wá ń retí pé àwọn eku tí mo fún ní bakitéríà ni ara wọn á mọ́.

Àwọn gan-an ni kòkòrò náà pẹ́ sí lára jù.

Ojú tì mí. Mo ní àgò ló dọ̀tí. Mo bú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ àgò lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí kò ṣẹ̀ mí. Ó ní, "Sà, mo fọ̀ ọ́, mo sì sè é." Mo ní kí ó panu mọ́. Mo da èsì náà nù, mo pa àwọn eku náà, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó pẹ́ ni mo tó jókòó rò ó: eku tí ara rẹ̀ kò kan rárá, tí mo wá mú kan díẹ̀, mo ti sọ ọ́ di ibi tó jọ ilé fún kòkòrò náà ni. Kíkan díẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kíkan dáadáa, bó ṣe wà lára obìnrin tí ara rẹ̀ pé, ni kò lè fara dà. Eku yẹn kò parọ́ fún mi. Èmi ni mo bi í ní ìbéèrè obìnrin. Èsì tí mo dànù yẹn ló yẹ kí n fi kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ nígbà tí mo wá a láti tọrọ àforíjì, mi ò sì rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání nìyí. Kí o tó fi eku rọ́pò èèyàn, kọ́kọ́ kọ ohun tí eku kò ní sílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé àgò akọ sí ẹ̀gbẹ́ àgò abo. Òórùn ìtọ̀ akọ nìkan tó láti da àsìkò gbígùn wọn rú, wàá sì rò pé oògùn rẹ ló ṣe é. Gbé eku pẹ̀lú ọwọ́ méjì, má fi ìrù fà á. Bí o bá sì máa pa á, pa á kíá, kí ó má mọ̀.

Èyí tó kù ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹran tí o bá pa nítorí ìbéèrè kan, o gbọ́dọ̀ lè sọ ìbéèrè náà síta láàárín àwọn èèyàn rẹ. Bí o kò bá lè sọ ọ́, fi ẹran náà sílẹ̀. Mo ti pa ọ̀pọ̀ eku, Tóún, ohun tí mo sì kọ́ lára wọn, n kò lè sọ ọ́ nínú yàrá ìgbàlejò mi. Kí wá ni wọ́n kú fún?

Ẹ̀kẹta ni mo ń bẹ̀rù láti kọ. Ní ọjọ́ tí àwọn àna wa wá, kí wọ́n tó wọ mọ́tò, Alhaja fa Màmá rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò omi. Mo wà lẹ́yìn wọn, mo gbọ́. Ó ní òun ti ń tọ́jú álọ́ọ̀mù kan fún ọ, òkúta funfun tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, èyí tó dára, irú èyí tí ìyá òun fún òun, kí o máa yọ́ ọ sínú omi gbígbóná, kí o máa fi fọ inú ojú ara lálaalẹ́, kí ibẹ̀ lè fún dáadáa fún ọkọ. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Màmá rẹ bojú wẹ̀yìn wò mí, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ̀: pé álọ́ọ̀mù ń gbẹ awọ ibẹ̀ ni, ó ń bó o, ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò tí àwọn mìíràn ń dà síbẹ̀ sì ń pa àwọn bakitéríà tó ń ṣọ́ ilé, tí olè á fi wá rí ọ̀nà wọlé. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ èyí. Mo sì ti sọ ìwọ di dókítà adìẹ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Báwo ni bàbá dókítà adìẹ ṣe fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù? Mo lọ bá Alhaji sọ̀rọ̀ lórí táyà mọ́tò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó dun ìwọ náà jù, nítorí Màmá rẹ sọ fún ọ. Irọ́ mi kò mọ sórí orúkọ iṣẹ́ rẹ nìkan, ó fẹ́ dé ara rẹ.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sí Òkè-Sópẹ́n. Mi ò sọ fún Kàmórù, mi ò sì jẹ́ kí Màmá rẹ tẹ̀lé mi. Alhaji àti Alhaja wà lẹ́yìn ilé, níbi tí Alhaja ti ń ṣe gaàrí. O mọ ibẹ̀: ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn àpò tí wọ́n dì tí wọ́n gbé igi àti òkúta lé, tí omi rẹ̀ ń ro, òórùn kíkan tó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ibòji. Àwọn adìẹ Alhaji ń ṣa èèpo jẹ láàárín ẹsẹ̀ wọn.

Mo dọ̀bálẹ̀. Alhaji sáré dì mí mú. "Àna mi, kí lèyí? Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Alhaji, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọmọ mi kì í ṣe dókítà adìẹ."

Ó wo àwọn adìẹ náà. Ó wò mí. "Ta ló wá wo àwọn wọ̀nyí sàn?"

"Dókítà kan ní Orù."

"Ta ló ń gbé wọn lọ sí Orù?"

"Èmi ni."

Alhaja bú sẹ́rìn-ín, ó gbá itan. "Mọ́tò Bàbá Tóún! Mo ní kí ló ń rùn bí ilé adìẹ nínú mọ́tò ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ tó gbé mi lọ sí Jápárà! Mo tilẹ̀ rò pé lọ́fínńdà yín ni!"

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí wá ni ọmọ ń ṣe?"

Mo sọ ọ́. Mo ní, "Ó ń wádìí kòkòrò tó ń wọ ojú ara obìnrin, àti bakitéríà tó ń lé e. Eku funfun ló fi ń ṣe é." Ohùn mi já lórí ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni tó gbé ẹrù gba ẹnu ọ̀nà tóóró. Ọ̀bẹ àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Alhaji kọjú sí mi. Ó ní, "Dókítà, iṣẹ́ ọmọ yín kò tì mí lójú. Obìnrin méje ni ìyá mi bí, mo mọ ohun tó ń ṣe obìnrin. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ wò mí, ẹ wo fìlà mi, ẹ sì ní mi ò lè gbọ́ ọ. Mo wá ń gba àdúrà lórí irọ́ yín."

Alhaji ní ohun tí mo bá sọ lójú gbogbo èèyàn, ojú gbogbo èèyàn ni kí n ti tún un sọ. Ó ní kí n pe àwọn tó wà nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ yẹn, kí n sọ fún wọn irú ọmọ tí wọ́n ń fẹ́. Mo gbà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Alhaja ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ó súnmọ́ mi. "Bakitéríà rere tí ẹ ń wí yìí, kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Mo tọ́ka sí àwọn àpò rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, kí ló dé tí ẹ ń jẹ́ kó kan?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Gaàrí tí kò kan, ṣé gaàrí Ìjẹ̀bú nìyẹn? Ọjọ́ kíkan rẹ̀ ló ń lé nǹkan burúkú inú ẹ̀gẹ́ lọ."

"Mọ̀lẹ́bí àwọn bakitéríà tó ń jẹ́ kó kan ló wà lára obìnrin. Kíkan wọn ni ààbò."

Ó fọwọ́ kan omi tó ń ro lára àpò, ó nu ìka sára aṣọ rẹ̀. "Bí mo bá wá da omi ọṣẹ sí ẹ̀gẹ́ mi?"

"Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn."

"Álọ́ọ̀mù ńkọ́?"

Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ìdáhùn. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo sì rántí ọjọ́ tí o la ẹnu tí mo gbà á sọ. Mo ní, "Ìyàwó yín ni kí ẹ bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó mú nǹkan kan wá nínú ọ̀rá funfun, ó so ó ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń so nǹkan tí wọ́n kà sí. Ó fi sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fún un. Bó bá dára, kó gbé e padà wá fún mi, màá fi sí ẹrù rẹ̀. Bí kò bá dára, kó wá dúró síwájú mi níbí, kó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo ti ní àwọn ọmọ obìnrin tí mo fún." Ó wo àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ṣì ń lò ó. Ó ti pẹ́ tó ń yún mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ o. Tiyín la ti gbọ́."

Álọ́ọ̀mù náà ló wà lórí tábìlì yìí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Màá fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Mi ò tú u, mi ò sì kọ nǹkan kan lé e.

Bí iṣẹ́ Ìbàdàn kò bá wù ọ́, kọ̀ ọ́, n kò ní bi ọ́ ní ìdí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí mi lo fi fẹ́ kọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí ìtìjú yìí dúró lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ló ti wá. Obìnrin kan wà ní Òkè-Sópẹ́n tó ti bi ọ́ ní ìbéèrè. Kò fẹ́ kí n dáhùn. Ìwọ ló ń retí.

Bàbá rẹ,
tí ojú ṣì ń tì, tí kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu mọ́.